Àwọn Júù Ìlú Ọba: Ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ àti ohun tí wọ́n kọ̀ láti fi sílẹ̀

Bí ẹ bá ti lọ sí ọjà Ridley Road ní Dalston, ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, lọ́jọ́ Sátidé rí, ẹ ó mọ bí ibẹ̀ ṣe máa ń rí. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ra iṣu, èlùbọ́, ata rodo àti pańla. Ẹ wọ bọ́ọ̀sì 149 níbẹ̀ kí ẹ forí lé àríwá, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi dé Stamford Hill. Ibẹ̀ ni ẹ ti máa rí àwọn ọkùnrin tó wọ ẹ̀wù dúdú gígùn, tí wọ́n dé fìlà onírun, tí wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí sínágọ́gù pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn. Wọn ò wa ọkọ̀, wọn ò gbé fóònù dání, wọn ò sì ní fọwọ́ kan owó títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ọjọ́ Ìsinmi wọn ni.

Ohun tí púpọ̀ nínú wa ò mọ̀ ni pé nígbà kan, àwọn Júù ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń tajà ní Ridley Road tí à ń ná yìí. Àwọn ló kọ́kọ́ ná an kó tó kàn wá.

Ìdí nìyẹn tí a fi ní ká wo ìtàn wọn lọ́tẹ̀ yìí. Ìbéèrè tí àwa òbí ń bi ara wa nílé lónìí, ó ti pẹ́ tí àwọn ti ń bi ara wọn: kí ni èèyàn lè fi sílẹ̀ kí wọ́n tó gbà á ní ará ìlú, kí sì ni kò gbọdọ̀ fi sílẹ̀ láé?

Wọ́n kọ́kọ́ lé wọn jáde

Lẹ́yìn tí William ará Normandy ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1066 ni àwọn Júù bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti Rouen, ní ilẹ̀ Faransé, wá tẹ̀dó síbẹ̀. Ọba ló ni wọ́n. Ọba ló ń dáàbò bò wọ́n, òun náà ló sì ń bu owó orí lé wọn bó ṣe wù ú. Ṣọ́ọ̀ṣì kò fọwọ́ sí kí Kristẹni máa yá ara wọn lówó èlé, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ni wọn ò sì jẹ́ kí Júù ṣe. Nítorí náà, owó yíyá ni púpọ̀ nínú àwọn tó rí jájẹ láàrin wọn ń ṣe. Ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé ẹni tó jẹ gbèsè kì í fẹ́ rí ojú ẹni tó yá a lówó.

Lọ́dún 1144, wọ́n rí òkú ọmọkùnrin kan nínú igbó lẹ́bàá ìlú Norwich. Nígbà tó yá, àwọn kan pa irọ́ mọ́ àwọn Júù ìlú náà pé àwọn ni wọ́n fi ọmọ náà ṣètùtù. Irú irọ́ yìí tàn dé ọ̀pọ̀ ìlú ní Yúróòpù, ẹ̀mí tó sì bá a lọ kò kéré. Ní oṣù kẹta ọdún 1190, àwọn Júù ìlú York sá wọnú ilé ìṣọ́ ọba nígbà tí àwọn jàǹdùkú gbógun tì wọ́n. Wọ́n tó nǹkan bí 150. Nígbà tí wọ́n rí i pé kò sí ọ̀nà àbáyọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn pa ìyàwó àti ọmọ wọn, wọ́n sì pa ara wọn, dípò kí wọ́n gba ìrìbọmi tipátipá. Àwọn tó gbà láti jáde, wọ́n pa wọ́n. Lẹ́yìn náà ni àwọn jàǹdùkú wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ìlú náà, wọ́n kó ìwé gbèsè tó wà níbẹ̀, wọ́n sì dáná sun ún. Ẹ wá ro ohun tí ìjà náà dá lé lórí.

Lọ́dún 1275, Ọba Edward Kìíní ka owó èlé léèwọ̀ fún wọn, ó sì pàṣẹ kí wọ́n máa lẹ àmì aláwọ̀ ìyeyè mọ́ aṣọ wọn. Ní ọjọ́ 18, oṣù keje, ọdún 1290, ó ní kí gbogbo wọn jáde kúrò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwa a máa ń sọ pé àjò kì í dùn kónílé má relé. Àwọn wọ̀nyí ò nílé kankan tí wọn ó rè. Ó lé ní 350 ọdún kí Júù tó tún lè gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní gbangba.

Ilẹ̀ ìsìnkú wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ tọrọ

Spain lé àwọn Júù tirẹ̀ jáde lọ́dún 1492. Ní Portugal, wọ́n fi tipá rì wọ́n bọmi lọ́dún 1497. Látìgbà náà ni àwọn kan nínú wọn ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ní gbangba, tí wọ́n ń ṣe ẹ̀sìn Júù ní kọ̀rọ̀ yàrá. Àwọn ará wa tó wà ní Brazil àti Kúbà máa mọ irú ọgbọ́n yìí dáadáa, nítorí lábẹ́ ìjọba àwọn ilẹ̀ méjèèjì yìí kan náà ni àwọn baba ńlá wọn ti ń pe orúkọ ẹni mímọ́ síta, tí wọ́n ń pe Ṣàngó àti Yemọja sínú.

Díẹ̀ nínú àwọn oníṣòwò bẹ́ẹ̀ wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní nǹkan bí ọdún 1650. Lọ́dún 1655, rábì kan tó ń jẹ́ Menasseh ben Israel wá láti Amsterdam láti bẹ Oliver Cromwell, tó ń ṣe olórí ìjọba nígbà náà, pé kó jẹ́ kí àwọn Júù padà wá. Cromwell pe ìpàdé, ìpàdé náà sì parí láìsí ìpinnu. Ní oṣù kẹta ọdún 1656, Menasseh àti àwọn oníṣòwò náà kọ̀wé béèrè ohun méjì péré: kí wọ́n lè máa gbàdúrà nínú ilé wọn láìsí ìyọlẹ́nu, kí wọ́n sì ní ilẹ̀ tí wọn ó máa sin òkú wọn sí.

Lákòókò yẹn gan-an ni wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù ọ̀kan nínú wọn, Antonio Rodrigues Robles, nítorí pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń bá Spain jagun, wọ́n sì rò pé ará Spain ni. Robles sọ fún wọn pé Júù ni òun. Wọ́n dá ẹrù rẹ̀ padà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ayé Edward tí ẹnì kan sọ pé Júù lòun tí ó sì ṣe é láǹfààní. Wọn ò ṣe òfin kankan tó ní kí Júù wọlé. Wọn ò kàn lé wọn mọ́ ni.

Lọ́dún 1657, wọ́n gba ilẹ̀ ìsìnkú sí Mile End. Ẹni tó bá ti wá ibi tí yóò máa sin òkú rẹ̀ sí ti pinnu pé òun ò lọ mọ́. Lọ́dún 1701, wọ́n ṣí sínágọ́gù Bevis Marks ní àárín gbùngbùn ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n ṣì ń gbàdúrà níbẹ̀ dòní, àbẹ́là ni wọ́n sì ń tàn síbẹ̀ nígbà ìsìn pàtàkì, lórí àwọn ọ̀pá fìtílà idẹ méje tó so kọ́ sókè.

Gbólóhùn kan ṣoṣo

Ní ọdún 1813, wọ́n fẹ́ fi ọ̀kan nínú ọmọ ìjọ Bevis Marks, Isaac D'Israeli, joyè alága ìjọ. Ó ní òun ò ṣe. Wọ́n bu owó ìtanràn 40 pọ́ùn lé e, inú sì bí i. Nígbà tó di ọdún 1817, ó ní kí wọ́n lọ rì àwọn ọmọ òun bọmi ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ni Benjamin Disraeli, tó di aṣòfin lọ́dún 1837, tó sì di olórí ìjọba Ìlú Ọba lọ́dún 1868. Ká ní wọn ò rì í bọmi ni, kò bá má lè wọ Ilé Aṣòfin nígbà tó wọ̀ ọ́.

Ìdí ni pé ìbúra tí gbogbo aṣòfin gbọ́dọ̀ ṣe ní gbólóhùn kan nínú, pé àwọn búra nínú ìgbàgbọ́ tòótọ́ ti Kristẹni. Lọ́dún 1847, àwọn ará ìlú City ní Lọ́ńdọ̀nù dìbò yan Lionel de Rothschild, Júù tó ní ilé ìfowópamọ́ ńlá. Olówó ni, gbajúmọ̀ ni, ó sì lè sọ gbólóhùn yẹn kó gbé e mì. Kò sọ ọ́. Wọn ò jẹ́ kó jókòó. Wọ́n tún un yàn, ó tún kọ̀. Ilé Aṣòfin kékeré gbà léraléra láti yí ìbúra náà padà, àwọn ọlọ́lá ní ilé kejì ń dà á nù. Lọ́dún 1851, Júù mìíràn, David Salomons, wọlé, ó fo gbólóhùn náà, ó jókòó, ó sì dìbò. Wọ́n bu ìtanràn 500 pọ́ùn lé e.

Ọdún 11 ni Rothschild fi dúró. Ní ọjọ́ 26, oṣù keje, ọdún 1858, wọ́n jẹ́ kó búra pẹ̀lú fìlà lórí, lórí Bíbélì àwọn Hébérù, láìsí gbólóhùn náà. Ẹni méjì nìyí nínú ìtàn kan náà: ọ̀kan gba ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ṣí fún un wọlé, èkejì dúró níta títí tí wọ́n fi ṣí tirẹ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ tó gba èdè lẹ́nu wọn

Láti ọdún 1881, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọlu àwọn Júù ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ìṣẹ́ sì ń bá wọn fínra níbẹ̀. Nǹkan bí 150,000 ló wá sí Ìlú Ọba títí di ọdún 1914. Whitechapel àti Spitalfields ní Lọ́ńdọ̀nù, Leeds àti Manchester ni wọ́n pọ̀ sí jù. Télọ̀, aránbàtà àti agbẹ́gilére ni púpọ̀ nínú wọn, nínú yàrá há-há-há tí ooru ti ń mú, láti àárọ̀ kùtù di òru. Yídíìṣì ni èdè wọn.

Àwọn Júù tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ràn wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n ṣe ilé tí wọ́n lè kọ́kọ́ dé sí, wọ́n ń pín ọbẹ̀ àti búrẹ́dì fún àwọn aláìní. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ń tijú wọn. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé àwọn àlejò yìí á ba orúkọ tí àwọn ti fi 200 ọdún kọ́ jẹ́ lójú àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ìbẹ̀rù wọn kì í ṣe lásán, torí ní ọdún 1905 ìjọba ṣe òfin láti dín àwọn àjèjì tó ń wọlé kù, àwọn Júù wọ̀nyí gan-an sì ni òfin náà ń bá wí.

Ojútùú tí wọ́n rí ni ilé ẹ̀kọ́. Jews' Free School ní Spitalfields ní ju 4,000 ọmọ lọ ní nǹkan bí ọdún 1900, ọ̀kan nínú ilé ẹ̀kọ́ tó tóbi jù lágbàáyé ni. Wọ́n ń fún ọmọ aláìní ní aṣọ àti bàtà níbẹ̀. Wọ́n sì ń gba Yídíìṣì lẹ́nu wọn. Moses Angel, tó jẹ́ olórí ilé ẹ̀kọ́ náà fún ohun tó ju 50 ọdún lọ, kò fojú èdè gidi wo Yídíìṣì rárá. Ọmọ tó bá wọlé bí ará Rọ́ṣíà gbọ́dọ̀ jáde bí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. Ètò náà sì ṣiṣẹ́. Israel Zangwill, ònkọ̀wé tó kọ ìwé nípa ìgbé ayé wọn lọ́dún 1892, kàwé níbẹ̀, ó sì ṣe tíṣà níbẹ̀. Dókítà, agbẹjọ́rò àti ọ̀jọ̀gbọ́n ló ti ìdílé àwọn télọ̀ wọ̀nyẹn jáde.

Ṣùgbọ́n ọmọ-ọmọ ò gbọ́ ohun tí ìyá àgbà ń sọ mọ́. Ìwé ìròyìn àti eré orí ìtàgé Yídíìṣì, tó kún Whitechapel nígbà kan, kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ta nínú wa ni kò tíì pàdé òbí tó ní òun kì í sọ Yorùbá sí ọmọ òun kí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ má baà wọ́? Àwọn Júù ti dán an wò ṣáájú wa. Gẹ̀ẹ́sì ọmọ kò wọ́ lóòótọ́. Èdè ilé ló lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ fojú rí bí àlejò ṣe ń gba ipò àlejò, ẹ lọ wo ilé tó wà níbi tí Fournier Street ti pàdé Brick Lane. Àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì tó sá wá láti ilẹ̀ Faransé ló kọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́dún 1743. Ó di ilé ìjọsìn Mẹ́tọ́díìsì. Ó di sínágọ́gù lọ́dún 1898. Láti ọdún 1976, mọ́ṣáláṣí àwọn ará Bangladesh ni.

Cable Street àti Ridley Road

Ní ọjọ́ 4, oṣù kẹwàá, ọdún 1936, Oswald Mosley fẹ́ kó àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń wọ ẹ̀wù dúdú, tí wọ́n kórìíra Júù, gba àdúgbò àwọn Júù kọjá. Àwọn aṣáájú Júù ní kí àwọn èèyàn wọn jókòó sílé. Wọn ò gbọ́. Àwọn àti àwọn òṣìṣẹ́ èbúté ọmọ Ireland pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ dí ọ̀nà Cable Street, ọlọ́pàá ò sì rí i là. Wọ́n ní kí Mosley yí padà. Kí ọdún náà tó parí, ìjọba ṣe òfin pé ẹgbẹ́ òṣèlú kankan ò gbọdọ̀ máa wọ aṣọ ẹgbẹ́ rìn káàkiri ìta.

Láàárín oṣù kejìlá ọdún 1938 sí oṣù kẹsàn-án ọdún 1939, nǹkan bí 10,000 ọmọdé, tí Júù pọ̀ jù nínú wọn, ni wọ́n kó wá sí Ìlú Ọba kúrò lọ́wọ́ Hitler, láìsí òbí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò fojú kan òbí wọn mọ́. Ilé Kristẹni ni wọ́n fi púpọ̀ nínú wọn sí, àwọn mìíràn sì dàgbà láìmọ ẹ̀sìn tàbí èdè tí wọ́n gbé wá. Àwọn àgbà nínú wa tí òbí wọn ń kàwé níbí ní bí ọdún 1960, tí wọ́n sì fi wọ́n sọ́dọ̀ ìdílé òyìnbó ní ìgbèríko, mọ bó ṣe máa ń rí kí èèyàn padà sílé kó má lè kí ìyá rẹ̀.

Ogun parí, àwọn ọmọ ẹ̀yìn Mosley tún jáde. Ibi tí wọ́n ti ń pariwo jù ni Ridley Road. Lọ́dún 1946, àwọn Júù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ogun dé dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní 43 Group. Gbogbo ibi tí wọ́n bá ti ń bú Júù lórí àpótí ni wọ́n ń lọ tú ìpàdé náà ká. Wọ́n ti lọ ja ogun Ìlú Ọba. Wọn ò ní gba ìyà láàárín ọjà.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde

Ìkànìyàn ọdún 2021 fi hàn pé nǹkan bí 271,000 èèyàn ní England àti Wales ló pe ara wọn ní ẹlẹ́sìn Júù. Nínú ìkànìyàn kan náà, àwọn tí wọ́n bí sí Nàìjíríà tó nǹkan bí 270,000. Bí ẹ ṣe ń gbọ́ ohùn wọn tó nílùú, ẹ rántí pé wọn ò pọ̀ jù wá lọ.

Ẹnu wọn ò sì kò. Àwọn kan wà lábẹ́ United Synagogue, tí òfin ilẹ̀ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ lọ́dún 1870, tí Olórí Rábì ń darí. Láti ọdún 2013, Ephraim Mirvis, ọmọ bíbí South Africa, ló wà nípò náà. Àwọn kan jẹ́ Reform, àwọn kan Liberal, àwọn kan Masorti. Àwọn tí a rí ní Stamford Hill ni wọ́n ń pè ní Haredi, tí wọ́n di àṣà mú jù lọ. Àwọn ni wọn ò jẹ́ kí Yídíìṣì kú: òun ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọn kọ́kọ́ ń sọ.

Ìdílé lẹ̀sìn náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kí oòrùn tó wọ̀, ìyá ilé á tan àbẹ́là. Bàbá á súre fún àwọn ọmọ. Wọ́n á gbàdúrà lórí wáìnì àti búrẹ́dì. Ọmọkùnrin wọn, ọjọ́ kẹjọ ni wọ́n ń kọ ọ́ nílà tí wọ́n sì ń sọ ọ́ lórúkọ, bí àwa náà ṣe ń kọ́mọ jáde lọ́jọ́ kẹjọ. Ní òwúrọ̀ Sátidé, wọ́n máa ń gbàdúrà fún ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú sínágọ́gù, ọba tó jókòó sórí ìtẹ́ Edward tó lé wọn.

Òfin Ọjọ́ Ìsinmi kò jẹ́ kí wọ́n gbé ẹrù tàbí ti kẹ̀kẹ́ ọmọ ní ìta gbangba, nítorí náà ìyá ọlọ́mọ ò lè lọ sí sínágọ́gù. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n ri òpó, wọ́n sì fa okùn wáyà yí àdúgbò ká, kí gbogbo rẹ̀ lè dà bí agboolé kan ṣoṣo. Lọ́dún 2003 ni wọ́n parí èyí tó yí Golders Green, Hendon àti àwọn àdúgbò tó sún mọ́ wọn ká, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún àríyànjiyàn. Ẹni tí kò mọ̀ máa rò pé wáyà tẹlifóònù ni.

Ta ni Júù?

Jews' Free School ṣì wà. JFS ni wọ́n ń pè é báyìí, ní Kenton, ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Lọ́dún 2009, ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ. Ọmọkùnrin kan fẹ́ wọlé, bàbá rẹ̀ jẹ́ Júù látìbí. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wọn, ìyá ni wọ́n fi ń mọ ọmọ, kì í ṣe ilé bàbá bíi tiwa. Ìyá ọmọ náà ti gba ẹ̀sìn Júù, àmọ́ kì í ṣe lọ́dọ̀ àwọn rábì tí ọ́fíìsì Olórí Rábì fọwọ́ sí. Ilé ẹ̀kọ́ náà ní ọmọ náà kì í ṣe Júù.

Ní ọjọ́ 16, oṣù kejìlá, ọdún 2009, adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án ní fífi ìran ìyá yan ọmọ jẹ́ ìyàsọ́tọ̀ nítorí ẹ̀yà, òfin ò sì gbà á, bó ti wù kí èrò tó wà nídìí rẹ̀ mọ́ tó. Látìgbà náà, ohun tí ọmọ àti òbí ń ṣe nínú ẹ̀sìn ni ilé ẹ̀kọ́ náà gbọ́dọ̀ máa wò. Àwọn kan yọ̀. Àwọn mìíràn ní kò yẹ kí adájọ́ ìlú máa kọ́ Júù lẹ́ni tó jẹ́ Júù. Ọ̀rọ̀ náà ò tíì tán láàrin wọn.

Ẹ̀rù náà ò sì tíì tán. Bí ẹ bá kọjá níwájú sínágọ́gù tàbí ilé ẹ̀kọ́ wọn, ẹ ó rí ẹ̀ṣọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ní ọjọ́ 2, oṣù kẹwàá, ọdún 2025, tó jẹ́ Ọjọ́ Ètùtù, ọjọ́ tó mọ́ jù lọ lọ́dún wọn, ọkùnrin kan kọlu sínágọ́gù kan ní Manchester. Èèyàn méjì nínú àwọn tó wá jọ́sìn kú. Nǹkan bí 370 ọdún lẹ́yìn ìwé tí Menasseh kọ, àdúrà láìsí ìyọlẹ́nu ni wọ́n ṣì ń tọrọ.

A ò sọ pé ká di Júù. Àwa ní tiwa. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń ka ìtàn yìí, ohun kan hàn sí wa: aṣọ, iṣẹ́, àdúgbò, àní èdè pàápàá, ọ̀pọ̀ wọn fi í sílẹ̀. Ohun tí kò lọ ni èyí tí wọ́n ń ṣe nínú ilé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, pẹ̀lú ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Èdè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ lọ. Àbẹ́là tí ìyá ń tàn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ṣì ń jó.

Bí ẹ bá tún dé Ridley Road lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, bí ẹ ṣe ń yan iṣu, ẹ bá wa ro tiwa. Kí ni ohun kan náà tí àwọn ọmọ yín ń rí yín ṣe nílé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí wọn ò lè ṣàìmọ̀ pé ọmọ Yorùbá làwọn?